Bíìtì 3 wà ní 1, síbẹ̀ if mi kò wọlé

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Báìtì kan ni mò ń kà láti ara sẹ́ńsọ̀, C ni mo fi ń kọ ọ́. Datasheet (ìwé àlàyé sẹ́ńsọ̀ náà) ní bíìtì 3 máa di 1 tí dátà bá ti délẹ̀. Mo tẹ status, ìyẹn báìtì náà, jáde, 0x2C ni, ìyẹn 0010 1100. Bíìtì 3 (láti ọ̀tún, 0 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà) wà ní 1 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ inú if yìí rárá:

`if (status & 0x08 == 1)`

Kí ló dé? Báwo ni mo sì ṣe lè yẹ bíìtì 2 àti 5 wò lẹ́ẹ̀kan náà?

Èsì 1
Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Ní C, `==` ló máa ń ṣáájú `&`. `0x08 == 1` ló kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn já sí 0, ohunkóhun tí ẹ bá sì fi `&` pọ̀ mọ́ 0, 0 ni.

Tí ẹ bá wá fi àkámọ́ sí i, kò tíì ní ṣiṣẹ́, nítorí `&` kì í gbé bíìtì kúrò ní àyè rẹ̀:

```
  0010 1100
& 0000 1000
= 0000 1000
```

8 nìyẹn, kì í ṣe 1. Òdo ni kí ẹ fi wé:

`if ((status & (1u << 3)) != 0)`

`1u << 3` (1 tí a sún sí òsì ní àyè mẹ́ta, 0x08 kan náà ni) dùn mọ́ mi ju 0x08 lọ, torí nọ́ńbà bíìtì inú datasheet hàn níbẹ̀ kedere.

Èsì 2
Ti bíìtì 2 àti 5: 0x04 | 0x20 ni mask yín (nọ́ńbà tó ń yan àwọn bíìtì tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò), ó jẹ́ 0x24. Bí méjèèjì bá gbọ́dọ̀ jẹ́ 1:

`if ((status & 0x24) == 0x24)`

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti tó, ẹ lo `!= 0`. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ `!= 0`, wọ́n á sì rò pé méjèèjì ni àwọ́n yẹ̀ wò. Ẹ má fi `&&` rọ́pò `&` o. `status && 0x24` máa jẹ́ òótọ́ ní gbogbo ìgbà tí status kò bá ti jẹ́ 0.

Èsì 3
Ẹ fi `uint8_t` pe status, ẹ má lo `char` lásán. Níbi tí char bá ti ń gba nọ́ńbà òdì, 0xB4 máa di -76. Tí ẹ bá wá ṣe `>> 4` (kí ẹ sún un sí ọ̀tún ní àyè mẹ́rin), -5 ló sábà máa ń jáde dípò 11.

Ohun kan tún kù. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ka status báyìí, bíìtì náà á padà sí 0 fúnra rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú variable, inú variable yẹn ni kí ẹ ti yẹ gbogbo bíìtì wò.

Olùbéèrè
Ó ti wọlé, ẹ ṣeun. Kí ló dé tí gcc, compiler tí mò ń lò, kò kìlọ̀ fún mi?

Èsì 1
Ẹ fi `-Wall`, tó ń tan ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ gcc, sí àṣẹ tí ẹ fi ń pè é. `-Wparentheses` wà nínú rẹ̀, á sì ní kí ẹ fi àkámọ́ sí ibi tí `==` àti `&` ti pàdé. Ti 8 àti 1 yẹn, ẹ má retí pé ó máa kìlọ̀ fún yín ní gbogbo ìgbà.