Re: "Òbìrìkìtì títẹ́" kẹ̀? Ta ló tẹ́ ẹ?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń mú un mọ́ra láti àná àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ n sùn. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe òbìrìkìtì tí a bá yà sójú isometric (yíya nǹkan kí ojú rẹ̀ mẹ́ta hàn lẹ́ẹ̀kan náà) nínú AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán iṣẹ́, ní "òbìrìkìtì títẹ́", àwọn kan sì ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tẹ́ wo nìyẹn? Tí mo bá gbọ́ tẹ́, ẹní ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn, lẹ́yìn ẹ̀, àgbà tó yáwó tí ò san. Òbìrìkìtì jẹ gbèsè ni?

Ẹ wá ní tẹ́ inú "tẹ́jú" ni. Ó dáa. Èyí tí mo fi kọ́ńpáàsì yà sórí pépà ńkọ́, ṣé òun ò tẹ́jú? Ẹlòmíì tún sáré wọlé, ó ní ká fi àmì ìsàlẹ̀ sí i kó di "títẹ̀". Irin ló ń tẹ̀! Kò sẹ́ni tó tẹ òbìrìkìtì yìí, ibi tí a dúró sí wò ó ló yí padà.

Ó jọ pé àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ò jókòó sídìí iṣẹ́ yìí rí. Isometric, ìlà mẹ́ta ló ní, ọ̀kan nàró, méjì yòókù dà sọ́tùn-ún sósì ní 30 dígírì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ da ihò sójú òkè àpótí, tẹ́ ẹ wá lọ mú CIRCLE, àṣẹ tó ń ya òbìrìkìtì lásán, á kàn dúró síbẹ̀ bíi kọ́bọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. ELLIPSE, àṣẹ tó ń ya òbìrìkìtì gbọọrọ bí ẹyin, lẹ máa mú, kẹ́ ẹ tó wá mú Isocircle (òbìrìkìtì ti isometric) nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá sì tíì tan snap ti isometric, ìyẹn ètò tó ń tọ́ ọwọ́ yín sójú ìlà mẹ́ta yẹn, ẹ ò ní rí Isocircle yẹn rárá. F5 lẹ ó máa tẹ̀ láti bọ́ sójú mìíràn (tẹ̀ gidi rèé o). Tí dayamítà bá jẹ́ 100, èyí tó máa jáde á gùn tó 122.5 lápá kan, apá kejì á jẹ́ 70.7, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí ìlà 30 dígírì yẹn, 100 géérégé. Ẹni tó ń bèèrè pé kí ló wá dọ́gba níbẹ̀, òun náà nìyẹn, ìdí tí William Farish, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, fi pè é ní isometrical lọ́dún 1822, Gíríìkì ni, ìwọ̀n tó dọ́gba.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, T-square (rúlà tó rí bíi T) àti kọ́ńpáàsì ni wọ́n ń lò, ojú ibi mẹ́rin la máa gún kọ́ńpáàsì sí ká tó rí ẹyọ kan yà. Nígbà tí kò yé mi, wọn ò sọ gírámà kankan, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ibi tí odó ìyàwó wọn wà. "Dúró lé e lórí. Ó rí róbótó àbí? Ó yá, bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu odó ń tín-ín-rín. Títí dòní, "ẹnu odó" làwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń pè é: "Ọ̀gá, ẹnu odó mi ò bá ojú ọ̀tún mu." A ò ṣèpàdé lé e.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń ka Yorùbá ní yunifásítì kí n tó mọ a-b-d. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣé wọ́n ní odó níbẹ̀ ṣá?

Ibì kan wà tí mo gbà fún yín: tẹ́ ẹ bá fi LIST, àṣẹ tó ń sọ irú ohun tí a yà, bi kọ̀ǹpútà léèrè, Ellipse ló máa pè é, kì í ṣe Circle. Àmọ́ 2D, àwòrán pẹlẹbẹ, nìyẹn. Nínú 3D, níbi tí nǹkan ti ní gígùn, ìbú àti gíga, Circle lẹ yà, ẹ kàn yí ibi tẹ́ ẹ ti ń wò ó padà ni, Circle náà lá sì máa jẹ́. Títẹ́ tiyín yìí, èwo nínú méjèèjì lẹ ṣe é fún?

Ẹni tó ní "òbírí" ló tọ́ tí kì í ṣe òbìrìkìtì, ìyẹn ṣì wà nílẹ̀, mò ń bọ̀ lálẹ́, ọmọ kan ń pè mí pé F5 òun ò ṣiṣẹ́.