Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago ní Sípéènì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 61. Ọkọ mi tó ti sùn ń jẹ́ Jákọ́bù, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago de Compostela, níbi tí ìjọ Àgùdà gbà pé wọ́n sin Jákọ́bù Àpọ́sítélì sí. Kò rí i rìn kí ọlọ́jọ́ tó dé. Èmi ni mo fẹ́ bá a rìn ín.

Àwọn ọmọ mi ti ṣetán láti san owó ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n, nítorí pé orúnkún mi ọ̀tún a máa dùn mí bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo kà á pé ọ̀nà tí àwọn èèyàn mọ̀ jù lọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, tó nǹkan bíi 780 kìlómítà, ọjọ́ 14 péré ni mo sì ní. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Irú bàtà wo ni kí n rà, kí ni kí n dì, báwo ni mo sì ṣe lè fi ìrìn kọ́ ara mi kí oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀ tó dé? Ẹni tó bá ti rìn ín rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn jù.

Arìnrìn-àjò, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú àìgbàgbé bàbá, ìyá wa. Mo ti rìn ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan, láti ìlú Sarria dé Santiago, ibẹ̀ náà ni n ó sì ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó nǹkan bíi 115 kìlómítà. Kí ẹ ṣáà rò ó bí ẹni tó rìn láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà ní ìgbà mẹ́rin, ó kù díẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ní Santiago a máa fún ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn 100 kìlómítà ó kéré tán ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Compostela, ìdí nìyẹn tí èrò fi máa ń pọ̀ ní Sarria. Kí wọ́n tó fún yín, wọn yóò wo ìwé pelebe kan tó ń jẹ́ credencial, tí ẹ ó máa gba òǹtẹ̀ sí ní ilé ìwọ̀sùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé oúnjẹ. Láti Sarria lọ, òǹtẹ̀ méjì ni kí ẹ gbà lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Kìló 12 ni mo gbé kúrò ní Ifẹ̀: gàrí, bàtà mẹ́ta, aṣọ àǹkárá tí n ó wọ̀ lọ sí ìsìn, àti Bíbélì ńlá ti ilé wa. Láti Sarria dé Portomarín kò ju 22 kìlómítà lọ, síbẹ̀ kí n tó rí afárá tó wọ ìlú náà, okùn báàgì ti bó mi léjìká méjèèjì, mo sì ń sunkún lójú ọ̀nà bí ọmọdé. Àṣálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kó èyí tó ju ìdajì ẹrù mi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ilé ìwọ̀sùn. Ohun tí àwọn tó mọ ọ̀nà náà máa ń sọ ni pé kí ẹrù má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ẹni lọ. Bí ẹ bá wọn kìló 65, kìló 6 àbọ̀ ni tiyín. Aṣọ méjì tó: ẹ wọ ọ̀kan, ẹ fọ ọ̀kan. Ẹ̀wù òjò kò ṣeé fi sílẹ̀, nítorí òjò Galicia, ìyẹn agbègbè tí Santiago wà ní Sípéènì, kì í wo oṣù kó tó rọ̀. Àwọn kan wà tí wọn yóò bá yín gbé báàgì láti ìlú kan dé èkejì fún yúrò mélòó kan, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwọ̀sùn ìjọba kì í gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀; ilé aládàáni ni kí ẹ dé sí lọ́jọ́ náà.

Láti Portomarín dé Palas de Rei jẹ́ bíi 25 kìlómítà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe ara wọn léṣe, torí pé láti Palas de Rei dé Arzúa sún mọ́ 29, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni. Ẹ má ṣe rìn ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sùn ní Melide tó wà láàárín, kí ẹ wá lọ sí Arzúa ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sùn ní O Pedrouzo lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì wọ Santiago ní ọjọ́ kẹfà. Ọfà aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kùn sára ògiri, igi àti òkúta ni yóò máa júwe ọ̀nà fún yín. Ní ti oúnjẹ, ọbẹ̀ ilẹ̀ Galicia kan wà tí wọ́n fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ànàmọ́ òyìnbó sè, òun ló mú mi dúró. Ẹ di ata gígún díẹ̀ dání. Ẹ má ṣe di ẹran gbígbẹ tàbí kílíṣí, nítorí wọn kì í jẹ́ kí arìnrìn-àjò láti ọ̀dọ̀ tiwa kó ẹran tàbí wàrà wọ Yúróòpù.

Nọ́ọ̀sì, Modákẹ́kẹ́

Ìyá wa, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ orúnkún yẹn wò. Bí ó bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ ra ọ̀pá ìrìn méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹ sì máa gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí ó sì fẹ̀ ju èyí tí ẹ máa ń wọ̀ lọ díẹ̀, torí ìka ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ máa gbá iwájú bàtà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé òkìrìkà pọ̀ ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà, owó rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti tẹ inú rẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì lè ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí lọ́nà. Ẹ wọ bàtà tuntun náà fún oṣù méjì ó kéré tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ yẹra fún ìbọ̀sẹ̀ tó jẹ́ kìkì òwú, torí pé ó máa ń fa òógùn mọ́ra, awọ tó bá sì tutù ni ìléròrò máa ń yọ sí. Ní àràárọ̀, ẹ fi òrí tàbí fasilíìnì pa àárín ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbóná, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní òun yóò kọ́kọ́ dé ilé ni yóò bá ìléròrò níbẹ̀.

Fún ìdánrawò, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 kìlómítà, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní ìdájí, nínú àdúgbò tí ọkọ̀ kò ti ń sáré. Ẹ má ṣe lọ sí etí títì Ifẹ̀ sí Iléṣà, ẹ dákun. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ di ìrẹsì kìló 3 sínú báàgì tí ẹ ó gbé lọ gan-an, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tilẹ̀ ní ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò ní, nítorí Erin-Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà sí yín: ẹ gun àtẹ̀gùn omi Olúmirin níwọ̀nba, kí ẹ sì fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni yóò kọ́ orúnkún yín. Ní oṣù tó gbẹ̀yìn, ẹ rìn ọjọ́ méjì léra wọn, bíi 15 sí 20 kìlómítà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tó rìn lánàá tó tún ní láti rìn lónìí ni ẹ fẹ́ dán wò.

Akọrin Ìjọ, Iléṣà

Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo gba ọ̀nà Pọtogí láti ìlú Tui, tí jíjìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Sarria, èrò kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè gbé e yẹ̀ wò.

Ìwé físà ni kí ẹ tètè mójú tó. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ má sì ṣe jẹ́ kó ku ọjọ́ díẹ̀. Ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó lè san tó 30,000 yúrò wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, wọ́n sì ń fẹ́ rí ibi tí ẹ ó sùn. Níbẹ̀ ni ìṣòro wà, nítorí ilé ìwọ̀sùn ìjọba ní Galicia kì í gba àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni í kọ́kọ́ wọlé. Ilé aládàáni ni kí ẹ fi kọ ìwé. Ọdún 2027 sì jẹ́ ọdún mímọ́ ní Santiago, torí pé ọjọ́ 25 oṣù Keje, tó jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù Àpọ́sítélì, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Bí ọdún náà ni ẹ ń lọ, èrò yóò pọ̀ gan-an.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Iléṣà

Ọlọ́run yóò san ẹ̀san fún gbogbo yín. Sarria ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, n ó sì sùn ní Melide. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé lóòótọ́ ni pé tọkùnrin tobìnrin ń sùn nínú yàrá kan náà?

Arìnrìn-àjò, Ilé-Ifẹ̀

Lóòótọ́ ni, ìyá wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé náà, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tò lórí ara wọn ni wọ́n ń lò, wọn a sì máa pa iná ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ nítorí orúnkún. Ẹ lè gba yàrá tiyín ní ilé aládàáni ní alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ara lè sinmi. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, 112 ni nọ́ńbà tí ẹ ó pè.

Bí ẹ bá dé Santiago, ẹ kọ́kọ́ gbé báàgì sílẹ̀ níbì kan, torí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ Kàtídírà. Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì sọ. Ní ọ́fíìsì tí ẹ ó ti gba Compostela, wọ́n máa ń gbà kí èèyàn rìn ní orúkọ ẹni tó ti kú. Orúkọ yín ni wọn yóò kọ, ṣùgbọ́n wọn yóò fi orúkọ bàbá kún un pé nítorí rẹ̀ ni ẹ ṣe rìn ín. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà, kí ẹ sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú tákàdá dáadáa láti ilé.