Ìgò peptide mẹ́ta, ojú kan: èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Mo pé ọmọ ọdún 49 lóṣù tó kọjá. Tí mo bá rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ̀gbẹ́ ojú mi a hun jọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Àbúrò mi tó wà ní London wá fi ìgò ìpara peptide mẹ́ta ránṣẹ́ (ó ní èérún purotéènì ni peptide): Argireline, Matrixyl, àti ọ̀kan tó rí bí omi aró. Ṣé kí n pò wọ́n pọ̀ ni?

Bísí Bódìjà: Ẹ má pò ó o! Mo ti wọ ọdún 56, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti kan ojú mi rí.

Argireline, Barcelona ni wọ́n ti ṣe é. Iṣan tá a fi ń fajú ro ló fẹ́ dẹ̀, bíi ti Botox. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni Botox, ìpara nìyí, awọ ara kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó wọlé. Mo fi oṣù mẹ́ta pa á, ìlà iwájú orí mi ò mira.

Matrixyl ni tèmi. Àwọn ará Faransé ló ṣe é. Kọ́lájìn ni purotéènì tó ń gbé awọ ara ró; Matrixyl jọ èérún rẹ̀ tó já, ni awọ ara á bá rò pé nǹkan ti bàjẹ́, á máa ṣe tuntun. Wọ́n so ọ̀rá kan mọ́ ọn kó lè wọlé, irú ọ̀rá tó pọ̀ nínú epo pupa wa. Lọ́dún 2005, wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde: obìnrin 93, ọ̀sẹ̀ 12, ìdajì ojú gba Matrixyl, ìdajì kejì gba ìpara lásán. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò pọ̀. Òyìnbó sì ni gbogbo wọn. Lójú tèmi, oṣù kẹrin ni mo rí i pé pánkéèkì ò há sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi mọ́.

Aláwọ̀ aró yẹn, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Loren Pickart, ló rí peptide rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ́dún 1973. Ó mú ojú mi rọ̀, ó sì ba ìrọ̀rí funfun mi jẹ́.

Délé: Ẹ̀yin ìyá wa, fítámínì C ìyàwó mi ni mo ń jí pa. Ṣé mo lè fi èyí tó ní bàbà lé e?

Bísí Bódìjà: Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, sà. Bàbà máa ń ba fítámínì C jẹ́. Ọ̀kan láàárọ̀, ìkejì lálẹ́.

Ìyá Ìbejì: Matrixyl ni mo ṣí o. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́?

Bísí Bódìjà: Háà! Ẹ ra ìpara tó ń dènà oòrùn lónìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò kankan. Kí ẹ sì ya fọ́tò ojú yín. Èmi ò yà á, ọkọ mi nìkan ni mo ń bi, ẹni tí kò mọ̀ nígbà tí mo gé irun.