Ilé etíkun Levanto tí mo béèrè nípa rẹ̀: a ti lọ, a ti dé

Ẹ kú ìdúró dè mí o. Èmi ni mo béèrè bóyá kí n kó ìyàwó àtọmọ mẹ́ta lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, tàbí kí n háyà ilé tí a ó ti máa dáná fúnra wa ní Levanto, ní Ítálì. Ilé la gbà, a sì ti padà sí London.

Ilé ìdáná ló yọ wá. Gáàsì ń jó dáadáa, àmọ́ mo gbàgbé orógùn sílé! Ṣíbí onígi tó wà níbẹ̀ kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Ooru àmàlà fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi níka.

Àǹtí tó ní kí n má yá mọ́tò, ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ̀ ojú irin dé Monterosso, ìlú etíkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Levanto, kí àwọn ọmọ tó jà tán lórí ìjókòó ojú fèrèsé. Àga àti agbòòrùn etíkun, owó ni. Apá ọ̀fẹ́ la tẹ́ aṣọ sí. Onílé tún gba owó orí àlejò lọ́tọ̀, ẹ fi sọ́kàn.

Mo ti rí ìdáhùn mi. Ó tán.