Apá àtìlẹ́yìn ni, kì í ṣe ògiri tó ń fò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìkọ́lé ayé àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí a jọ ń tò, mo rí i pé ẹnìkan ti pe flying buttress ní “ògiri tó ń fò”. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí a gbà á wọlé.

Ẹ wo ohun náà gan-an. Àjà òkúta ló wà lókè Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ ní Paris. Ó wúwo, ó sì ń ti ògiri síta lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọ̀mọ̀lé wá mọ òpó sí ìta gbangba, wọ́n na apá òkúta láti ara rẹ̀ lọ bá ògiri lókè, kó máa tì í padà. Ìrísí rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì wò tó fi ní ó ń fò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni Faransé wò: arc-boutant ni wọ́n ń pè é, ọrun tó ń ti nǹkan.

Nígbà tí iná jó ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2019, òrùlé onígi jóná, àjà òkúta sì wó láwọn ibì kan. Ohun tó wá ń ba àwọn oníṣẹ́ lẹ́rù ni pé bí àjà kò bá ti ògiri síta mọ́, apá wọ̀nyí lè bì í ṣubú sínú. Igi ni wọ́n kàn sábẹ́ apá 28 láti fi gbé wọn dúró. Ṣé ohun tó ń fò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Àbá tèmi ni “apá àtìlẹ́yìn”. Ẹni tó bá ti rí ilé alámọ̀ tó fẹ́ wó, tí baálé ilé gé igi, tó fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀, tó fi orí rẹ̀ ti ògiri láti ẹ̀yìn, onítọ̀hún ti mọ ohun tí à ń wí. Ẹnìkan dábàá “ọrun àtìlẹ́yìn”. Ọrun dára, mo fara mọ́ ọn fún arch fúnra rẹ̀ (òkúta tí a tò kó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ), àmọ́ púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù, ọ̀run ni òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rò.

Gargoyle tí a kọ ní “ère èṣù” dùn mí (ó tún ba Èṣù lórúkọ jẹ́). Ọ̀fun ni ọ̀rọ̀ Faransé náà ń tọ́ka sí, torí omi òjò ló ń gba ọ̀fun ère náà tú jìnnà sí ògiri. A ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nílé. “Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ elérè” yóò bá a mu. Àwọn abàmì ẹ̀dá orí Notre-Dame tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, omi kì í gba ẹnu wọn. Ọ̀rúndún 19 ni Viollet-le-Duc, ayàwòrán ilé tó tún ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe, ní kí wọ́n gbẹ́ wọn síbẹ̀. Kí àwọn yẹn máa jẹ́ ère.

Ó ku rib vault, ìyẹn àjà òkúta tí àwọn ọrun òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ró bí eegun ìhà. “Àjà eléegun ìhà” ń wá sí mi lẹ́nu, àmọ́ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ní èyí tó sàn jù?