Àwọn obìnrin tó ń ṣa chaza (ọ́ísítà, ẹran òkun oníkarahun) ní Zanzibar, erékùṣù Tanzania, báwo ni òwò yìí ṣe lè gbé wọn?

Àdùkẹ́ Dar:
Ẹ kú ilé o. Mo kọjá láti Dar es Salaam sí Fumba ní Zanzibar lóṣù tó kọjá. Bí òkun ṣe fà sẹ́yìn báyìí làwọn obìnrin tú jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi irin wa chaza àti kombe (oníkarahun òkun mìíràn nìyẹn), oòrùn ń pa wọ́n lẹ́yìn. Ìyá kan ní láyé ọmọdé òun apẹ̀rẹ̀ máa ń kún kí omi tó padà dé, nísinsìnyí ìdajì lòun ń rí, kéékèèké sì ni gbogbo ẹ̀. Ó dùn mí wọra. Kí la lè ṣe sí i?

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Àdùkẹ́, kí wọ́n máa sìn ín ni, kó má jẹ́ ṣíṣa nìkan. Wọ́n kúkú ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ya apá kan òkun sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣa kí èyí tó wà níbẹ̀ lè bí sí i. Péálì, ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye tó ń ti inú ọ́ísítà wá, tún wà: wọ́n á rọra la ìkarahun díẹ̀, wọ́n á fi gúlù lẹ ìlẹ̀kẹ̀ oníke tí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ inú ẹ̀, wọ́n á so ó padà sínú òkun, tó bá fi máa tó bí ọdún kan nǹkan dídán á ti bo ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, wọ́n á wá fi ṣe yẹtí tà fáwọn àlejò.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ re, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo omi náà. Ṣe ni ọ́ísítà ń sẹ́ omi kó tó rí oúnjẹ jẹ, ìdọ̀tí tó bá ti ìlú wọ òkun, inú ẹ̀ ló ń kó sí. Tí òtẹ́ẹ̀lì bá rà á tí àlejò kan fi ṣàìsàn, ọjà ti bàjẹ́ fún gbogbo abúlé nìyẹn. Kí wọ́n yẹ omi wò kí wọ́n tó náwó sórí okùn tí wọ́n á fi so ọ́ísítà sínú òkun, kí wọ́n sì ní áìsì, torí nínú ooru yẹn kì í pẹ́ rà.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Òótọ́ ni. Kí wọ́n má sì gbé gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan. Ẹ wo mwani, ewéko òkun táwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń gbìn láti 1989, irú tó ń pawó jù, cottonii, ló ń kú lọ bí omi ṣe ń gbóná sí i.

Àdùkẹ́ Dar:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Tí mo bá padà lọ, ìbéèrè kan ni màá kọ́kọ́ bi àwọn ìyá yẹn: ta ló ń pinnu apá òkun tí wọ́n máa tì àti ìgbà tí wọ́n máa ṣí i, ṣé àwọn tó ń ṣa ni àbí àwọn ọkùnrin tó ní ọkọ̀?