Ẹ gbà mí o, kí ni kí n kọ lórí ìwé Fágúnwà?

Àbẹ̀kẹ́_B: Ẹ̀yin ará ilé ẹ dákun, wọ́n ní ká kọ bí ìwé Fágúnwà ṣe rí lára àwa fúnra wa, ojú ìwé méjì, àárọ̀ ọ̀la ni màá fi sílẹ̀. Mo kà á o, àmọ́ ó le, gbólóhùn kan á máa lọ á máa lọ, kó tó parí mo ti gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ibo ni kí n mú? Kíákíá ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Àgbẹ̀: Èwo nínú ẹ̀? Tó bá jẹ́ Igbó Olódùmarè, mú ibi tí Olówó-ayé ti pàdé Èṣù-kékeré-òde. Ó dùn bí nǹkan míì.

Tìṣà Àgbà: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni, èyí tó jáde ní 1938, òun ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Ọmọ mi má dààmú. Mú ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, bàbá ọlọ́gbọ́n tó ń kọ́ àwọn ọdẹ inú ìwé náà lọ́gbọ́n, ẹ̀kọ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Yọ mẹ́ta jáde, o ti páàsì nìyẹn.

Jẹ́jẹ́: Kó tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni kó gbọ́ tèmi. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n fún wa, wọ́n ní ká sọ tọkàn wa, mo bá sọ ọ́. Mo ní ìwàásù pọ̀ jù níbẹ̀, ìtàn á dùn dé góńgó, ìwàásù á já lù ú. Olùkọ́ fi bírò pupa kọ "TA LÓ BÍ Ọ?" sí i, ó fún mi ní òdo, ó ní kí n dìde kà á sétí gbogbo kíláàsì. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni kó kọ!!

Ìyá Ìbejì: Háà! Ta ló bí ọ?

Jẹ́jẹ́: Ó tún fàlà méjì sábẹ́ ẹ̀ mà.

Tìṣà Àgbà: Olùkọ́ yẹn ò ṣe dáadáa. Àmọ́ ìwọ náà, tìṣà ni Fágúnwà, kí lo fẹ́ kó ṣe ju kó kọ́ni?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ ò lè ní kí ọmọ sọ tọkàn ẹ̀ kẹ́ ẹ tún yan ohun tí ọkàn ẹ̀ máa sọ fún un.

Tìṣà Àgbà: Ta ló yàn án? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kàn fẹ́ràn kí nǹkan sú wọn ni.

Lánre K: Kó lọ ka èyí tí Sóyínká tú sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ìyẹn á rọrùn.

Ọmọ Àgbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì Sóyínká ló máa rọrùn? Ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ 😂

Dáyọ̀: Ta ló ní Àdììtú Olódùmarè tó ṣeé yá? Tèmi ti já lójú ewé.

Ìyá Ìbejì: Àbẹ̀kẹ́, fi àwọn oníjà sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ gan-an Bàbá Fágúnwà bẹ òǹkàwé pé tẹ́nì kan bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kó fi ara ẹ̀ sípò onítọ̀hún. Mú ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó rìnrìn àjò lọ Òkè Láńgbòdó nínú ìtàn náà. Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn ńkọ́? Akọni ni.

Àbẹ̀kẹ́_B: Ẹ ṣé gan-an mà, mo ti kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ Kàkò ni mo lọ lóòótọ́, àmọ́ mi ò fi ara mi sípò Kàkò. Ìyàwó ẹ̀ ni mo mú, tó dì mọ́ ọn pé kó má lọ, tí Kàkò yọ àdá sí i, tí obìnrin náà ń jà ràpà nílẹ̀ tó ṣì ń pe "Kàkò, Kàkò." Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu bí ẹni pé èmi ni, inú bí mi débi pé mo pa ìwé dé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé látìgbà yẹn, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yin Kàkò, ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò.

Jẹ́jẹ́: Yé! Wọ́n máa béèrè ẹni tó bí ọ.

Àbẹ̀kẹ́_B: Màá dárúkọ wọn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Tìṣà Àgbà: Ọmọ mi, fi Ìrágbèje díẹ̀ sí i. Gbólóhùn kan péré.